Pátákó Tí Mo Yọ ní Kọ́nà

Mo rántí ọdún tí mo gbà gbọ́ pé kò sí ohun tó wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn ò lè kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó nígbà náà, agbaṣẹ́ṣe kan tí ìjọba gbé iṣẹ́ pátákó ojú ọ̀nà fún sì gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fún mi ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tí ilẹ̀kùn apá kan rẹ̀ kì í ṣí, wọ́n fún mi ní sípánà, ìdì fọ́ọ̀mù kan, àti ẹ̀wù pénpé aláwọ̀ ọsàn tó máa ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wakọ̀ láti Ìlaròó dé Ayétòrò, kí n dúró nídìí gbogbo pátákó àti ní gbogbo ìyànà, kí n sì kọ bí ó ṣe wà sílẹ̀. Inú mi dùn sí ẹ̀wù yẹn ju owó oṣù lọ. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, títí màmá mi fi rọra sọ sí mi létí pé Ọlọ́run á dá mi mọ̀ bí mo bá bọ́ ọ.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí iṣẹ́ náà fi sú mi. Mo rí pátákó kan tó sọ iye kìlómítà tó kù kí n dé Ayétòrò. Mo wakọ̀ títí, mo tún rí òmíràn, iye tó wà lára rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé ẹ̀yìn ni mo ń lọ. Níbì kan, wọ́n ti lẹ àwòrán olóṣèlú bo orúkọ ìlú, ó wá dà bíi pé inú ẹnu ọkùnrin náà ni títì ń lọ. Nítòsí Ìgbógìlà, tírélà kan ti fi ìdí gbá òpó pátákó tó júwe Ìmáṣàyí. Ọfà rẹ̀ ti yí padà, ó ń tọ́ka tààrà sí àgbàlá bàbá àgbẹ̀ kan. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí bàbá náà fi pariwo láti ibi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ pé, "Ibí kọ́ ni Ìmáṣàyí o! Ẹ padà sẹ́yìn!"

Mo ní mi ò ṣìnà, pátákó ni mo wá wò.

"Ẹ wá wò ó?" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ ò ní yí i padà?"

Mo ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé àwọn mìíràn ni yóò wá yí i. Sípánà wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo kọ "ó tẹ̀" sínú fọ́ọ̀mù, mo kí bàbá, mo sì bá tèmi lọ.

Fọ́ọ̀mù náà gan-an ló ń bí mi nínú jù. Àyè wà nínú rẹ̀ fún pátákó tó dára, èyí tó tẹ̀, àti èyí tó ṣubú. Kò sí àyè fún ibi tó yẹ kí pátákó wà tí kò sí rí. Nígbà tí mo kọ irú ibẹ̀ sí etí ìwé, ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n yéé ba ìwé jẹ́. Àyè tó gbẹ̀yìn pátápátá ló wá kó mi sí wàhálà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: pátákó tí kò gba àṣẹ, yọ ọ́ kúrò.

Láàárín Jóga-Orílé àti Ìgbógìlà, kọ́nà kan wà tí igbó bo ojú rẹ̀ ní apá méjèèjì. Ọ̀nà oko kan já sí i lójijì, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà ní òdìkejì, tó fi jẹ́ pé àràárọ̀ ni àwọn ọmọ ń sọdá níbi tí awakọ̀ ò ti lè rí wọn. Kò sí pátákó ìjọba níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pátákó ìkọ̀wé àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n ti lò rí ní kíláàsì, tí ẹnì kan fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ òpó irin méjì. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́: Ẹ RỌRA O. ỌMỌ Ń SỌDÁ. TIYÍN LÈ WÀ NÍBẸ̀. Èmi fúnra mi ti tẹ bíréèkì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Síbẹ̀ mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú sípánà, mo bẹ̀rẹ̀ sí tú nọ́ọ̀tì.

Obìnrin kan sáré jáde láti ọgbà ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ni. Ó tó màmá mi lọ́jọ́ orí, Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é.

"Ọmọ mi, kí lò ń ṣe yìí?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Pátákó yìí ò gba àṣẹ ni. Ìjọba máa gbé èyí tó dáa wá."

"Nígbà wo?"

Ẹnikẹ́ni ò sọ ìgbà kankan fún mi. Mo dáhùn kíá pé, "Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó wo ẹ̀wù mi, ó wo ojú mi. "Ṣé o ò lè fi eléyìí sílẹ̀ títí ìyẹn á fi dé?"

Nínú gbogbo oṣù tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mi ò gbọ́ ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣí fọ́ọ̀mù hàn án, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ní kí n yọ ọ́. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi, ó sì padà sí kíláàsì. Mo gbé pátákó rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó di oṣù kan. Ọ̀gá mi ní ìwé àṣẹ pátákó tuntun wà ní Abẹ́òkúta. Mo dé Abẹ́òkúta, wọ́n ní ìwé wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Bí mo bá ti ń kọjá ní kọ́nà, Màmá Tíṣà á gbé ọwọ́ sókè, á fi béèrè pé báwo ni. Mo máa ń dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ pé ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tó yá, mo kàn ń fọn fèrè kí i, mo ń lọ. Nígbà tó tún yá, mo ń díbọ́n pé dígí òdìkejì ni mò ń wò. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí dúró sí kọ́nà náà fúnra rẹ̀ láràárọ̀, tó ń fi gèlè pupa dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ tó sọdá. Mo rí i, mo sì kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mi ò bá a níbẹ̀. Ìyá ọmọ kan ló dúró síbẹ̀, òun ló sọ fún mi pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti fi dígí ẹ̀gbẹ́ gbá Màmá Tíṣà lápá. Mo wá ilé rẹ̀ lọ ní Jóga-Orílé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ń fi ọwọ́ òsì máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí ó má bínú.

"Kò sí ọmọ tó fara pa," ló kọ́kọ́ sọ. Ó ṣí ìwé mìíràn. "Ọ̀sẹ̀ méjì rẹ mà gùn o."

Mo wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé òṣìṣẹ́ wa ni? Ta ló ní kó lọ dúró sójú títì?"

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo ní kó dúró síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo yọ pátákó rẹ̀."

Mo béèrè pátákó náà kí n lè dá a padà. Ọlọ́dẹ ọgbà ti là á, ó ti fi se ẹ̀wà. Mo ká ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn sórí tábìlì ọ̀gá mi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e. Ì bá wù mí kí n sọ pé mo pariwo lé e lórí. Rárá o. "Ẹ ṣé, sà," ni mo sọ kí n tó jáde.

Mo ra pákó, mo kùn ún, mo kọ ọ̀rọ̀ ti àtijọ́ sí i, mo sì gbé e lórí ọ̀kadà lọ bá Màmá Tíṣà. Ó wò ó bí ìgbà tó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá. "Níbo ni àmì abẹ́ lẹ́tà wà? Tíṣà wo ló kọ́ ẹ?" Ó ní kí n mú búrọ́ọ̀ṣì, kí n tún un ṣe lójú òun. Nígbà tí a dé kọ́nà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí èyí àtijọ́ ti wà, ó mi orí.

"Ibẹ̀ kọ́. Ìgbà tí mò ń dúró níbẹ̀ ni mo mọ̀. Bí awakọ̀ bá ti dé kọ́nà, ó ti pẹ́ jù. Gbé e lọ sẹ́yìn, níbi tó ṣì ti lè ronú."

Mo ti wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn fún oṣù mélòó kan, mo kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa rẹ̀, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí.

Pátákó ìjọba dé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì. Ó ń dán, wọ́n ya ọmọ méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú sí i. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, níbi tí awakọ̀ á ti rí i lẹ́yìn tó bá ti kọjá àwọn ọmọ tán. Màmá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Apá rẹ̀ san, ṣùgbọ́n kì í nà tán, kò sì lè fi gbé ìkòkò. Bí mo bá lọ kí i, kì í mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mi ò lè yéé rò ó. Mo ti gbìyànjú láti di gbogbo rẹ̀ ru fọ́ọ̀mù, ọ̀gá mi, àti Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè fi í sílẹ̀. Èmi nìkan ló bi.

Wọ́n ti da ọ̀dà tuntun sójú títì náà báyìí, eré tí ọkọ̀ ń sá níbẹ̀ sì ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń lọ sí Ayétòrò láàárọ̀, mo dúró kí n tó dé kọ́nà. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n, ó wá yọ orí síta. "Ọ̀gá, kí ló dé? Kò sí nǹkan kan níwájú!"

 Mo fi ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, mò ń wo ọ̀nà oko, títí ọmọ àkọ́kọ́ fi yọ.