Pósítà Wà Lẹ́yìn Gíláàsì, Alásè Ti Wọlẹ̀ Láìlórúkọ

A sin Ludmiła Kostrzewa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni, òun ló sì máa ń se oúnjẹ nígbà kan fún àwa òṣìṣẹ́ ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Gdańsk, nílẹ̀ Poland. Èèyàn mẹ́sàn-án péré la wà nídìí ibojì, mẹ́fà nínú wa ń fi ọ̀pá rìn, síbẹ̀ a rẹ́rìn-ín débi pé àlùfáà pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹ̀bi Halszka ni. Halszka, tó máa ń fọ àwo nílé oúnjẹ náà, ló sọ sí mi létí pé òun ṣì ń retí rọ́bà pátá òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn sójà bọ́ sí ìgboro, tí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, Màmá Kostrzewa na aṣọ sílíìkì sára férémù kan, kí yíǹkì lè máa gba ojú rẹ̀ kọjá sórí bébà, ó sì ń fi tẹ pósítà níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn àwọn àpò ànàmọ́ tí wọ́n tò jọ nílé ìdáná. Yíǹkì kò ṣeé rà, ló bá po aró búlúù mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n férémù náà gbọ́dọ̀ máa ta sókè fúnra rẹ̀ kúrò lórí bébà, rọ́bà ló sì ń gbé e sókè. Kò sí rọ́bà ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Àwọn obìnrin ilé ìdáná bá tú ti pátá wọn. Jálẹ̀ ìgbà òtútù yẹn, obìnrin mẹ́fà ń fi ọwọ́ kan di síkẹ́ẹ̀tì mú káàkiri ọgbà, ọ̀gá pátápátá sì yìn wọ́n pé ìrìn wọn ti wá níwà.

Wẹ́dà ni mí nígbà náà. Abẹ́ kóòtù mi ni mo ń kó pósítà náà sí jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọwọ́ kan tó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sókè, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹnu wa kò wà fún ọbẹ̀ nìkan.” Ó ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan létí odò báyìí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára ife, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára báàgì. Bébà pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀: “Ẹni tó ṣe é: a kò mọ̀.”

Ẹ kò mọ̀ kẹ̀, ẹ̀yin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni màmá kọ lẹ́tà sí yín. Ọ̀gbẹ́ni Domaradzki, olùdarí ibẹ̀, fèsì pé kó mú fáìlì ọlọ́pàá rẹ̀ wá, kí àwọn lè rí ọjọ́ tí wọ́n mú un àti oṣù tó lò lẹ́wọ̀n. Ọlọ́pàá ò mú un rí. Ó mọ iṣẹ́ náà ṣe débi pé ẹ ní kò ṣe é. Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni?

Ọlọ́pàá kan dé ilé ìdáná màmá lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́ nígbà náà. Ó bá férémù náà lórí tábìlì, makaróní tútù sì wà lórí rẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Ibi tí mo ń sá makaróní sí ni, ọ̀gá. Ẹ jókòó, ẹ jẹun.”

Ó jẹ àwo méjì. Ètè rẹ̀ ti di búlúù nígbà tó ń lọ, ó sì dúpẹ́ gan-an. Ìdí nìyí tí kò fi sí fáìlì, Ọ̀gbẹ́ni Domaradzki. Ọlọ́pàá yín yó.

Nígbà tí mo rí màmá kẹ́yìn, kò béèrè àmì ẹ̀yẹ kankan. Ó bi mí bóyá lẹ́tà dé. Mo ní kò tíì dé. Ó rẹ́rìn-ín.

“Zenek, ọmọ mi, ṣé o rí i pé ilé iṣẹ́ tó ṣe gíláàsì tó bo pósítà náà ní orúkọ níbẹ̀? Èmi náà kàn fẹ́ kí wọ́n kọ tèmi.”

Inú bí mi débi pé n kò lè mu tíì mi tán. Ó ṣì ń bí mi.

Láti ibojì, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà la gbà lọ tààrà, èmi ẹni àádọ́rin ọdún, férémù màmá lábẹ́ kóòtù mi. Sílíìkì ara férémù náà ti ya ní igun kan láti ìgbà òtútù yẹn, màmá sì fi òwú rán an. Yíǹkì kò lè gba ojú rírán náà kọjá, nítorí náà gbogbo pósítà tó tẹ̀ ló ní àmì funfun bí ẹsẹ̀ adìẹ ní igun. Mo gbé férémù lé gíláàsì. Ojú rírán bọ́ sórí àmì gẹ́lẹ́. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Domaradzki wò ó títí, ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí nígbà tí òtútù bá lọ.

Ìgbìmọ̀ wo? Ta ló jókòó nígbà tí ẹ ń tẹ iṣẹ́ ọwọ́ màmá sára ife? Ta gan-an ló fọwọ́ sí “a kò mọ̀” yẹn, nígbà tí lẹ́tà mẹ́fà wà lórí tábìlì yín? Kí onítọ̀hún jáde kó sọ ọ́ lójú wa. Kí ẹ ya bébà yẹn, kí ẹ sì kọ òmíràn: Ludmiła Kostrzewa, alásè. A fún yín di ọ̀sán Ẹtì, àsìkò oúnjẹ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, a ó tẹ orúkọ rẹ̀ fúnra wa, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri ìlú yìí, tiyín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Férémù wà lọ́wọ́ mi, aró ti wà nínú ọṣẹ, Halszka sì ti tú rọ́bà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.