Bàbá Mi Kì Í Ké Yéè

Ẹ má sọ fún mi pé ẹni tó bá ń ké ni nǹkan ń dùn. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí, ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Agégẹdú ni bàbá mi. Igi wó lé e lẹ́sẹ̀ rí nínú igbó, "Ẹ bá mi gbé e kúrò" nìkan ló sọ. Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà tó bá ké nítorí ìrora ti bọ́ra sí ìhòòhò lọ́jà nìyẹn.

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí kò lè gbé àáké mọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e wá sí ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa. Ìyá mi ti ṣaláìsí, nítorí náà èmi ni mo wá láti ilé ọkọ láti dúró tì í.

Ọkùnrin nọ́ọ̀sì kan ni olórí ibẹ̀. Sítáàṣì aṣọ rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ. Kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni yóò dúró sí, yóò máa kí wọn.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ara ti le?"

"Alihamudulilahi, àlàáfíà ni. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Wọn a kí ara wọn délé dóko, nọ́ọ̀sì a wá yíjú sí mi: "Ìyàwó, bàbá yín ń gbádùn."

Háà! Kí lẹ fẹ́ kí bàbá náà wí? Wọ́n kí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó láàárọ̀, kó wá ní ara òun ò le? Bí wọ́n bá ń gbé wa lọ sí itẹ́ òkú gan-an, tí ẹnì kan bá kí wa lójú ọ̀nà, àlàáfíà ni a óò wí.

Ará Mamu kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, eyín ló ń dùn ún. "Yéè! Mo gbé! Mo kú tán!" Òun ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, òun ni wọ́n ń fẹ́ ní abẹ̀bẹ̀. Mo ní bàbá mi kò jẹun, nọ́ọ̀sì ní ẹni tí nǹkan bá ń ṣe á fọhùn. Inú bí mi.

Ó di àkókò ìrun ọ̀sán. Mo gbé bútà omi wá, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀. Bàbá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Ó káwọ́ lé àyà, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ojú kírun. Ọkùnrin tí igi fọ́ lẹ́sẹ̀, tó di ògiri mú tó fi dúró kírun! Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé bàbá mi ń kú lọ.

Mo gbá nọ́ọ̀sì mú lọ́rùn aṣọ. "Bàbá mi ń dùbúlẹ̀ kírun! Ẹ má kí i mọ́! Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀!"

Ó fọwọ́ kàn án. Ikùn náà le gbandi. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà, ó ń pariwo kí wọ́n wá ọkọ̀. Ọkọ̀ agbégẹdú ló gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìfun ló há. Dókítà ní ká ní ilẹ̀ ṣú bá wa nílé, òkú là bá gbé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nọ́ọ̀sì obìnrin kan wá pààrọ̀ báńdéèjì. Ó fa pílásítà, irun ikùn bá a lọ.

"Yéè! Ìyá mi o! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Nọ́ọ̀sì fò sẹ́yìn, ó sáré pe dókítà. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá mi rí láyé mi.

Dókítà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, kí ló dé? Ṣé kò sí?"

Bàbá mi fa aṣọ bo ikùn. "Alihamudulilahi. Àlàáfíà ni."

Dókítà wo ojú mi.

"Ẹ gbà á gbọ́," mo ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ló sọ."