Ìṣó Idẹ Tó Jẹ́ Ìyálé Aránṣọ

Ìtàn báàfù ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Baba Ìṣó, èmi náà ò sì ní yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù ké ní ọ́fíìsì èbúté. Láti olú-iléeṣẹ́ ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí àwọn gbé sórí òrùlé èbúté, èyí tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru láti mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, ti ròyìn pé ìlú wa fi ìwọ̀n ìka méjì ga sókè láàárín ọjọ́ kan. Ìlú tó jẹ́ pé kì í ga ju ìdajì hóró àgbàdo lọ lọ́dún!

Ẹnjinnía, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, kò jẹun kó tó wọ mọ́tò. Wákàtí mẹ́rin ló fi wa ọkọ̀. Nígbà tó gun òrùlé, ó bá báàfù oníke aláwọ̀ búlúù tí wọ́n dà dé ẹ̀rọ lórí, tí wọ́n sì fi téèpù aránṣọ dì í mọ́ ọn pinpin. Ike náà ló ń ṣi ẹ̀rọ lọ́nà. Baba Ìṣó sì wà nísàlẹ̀, ó ń wo ojú òkun bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

"Baba, ẹ̀yin lẹ da báàfù bò ó?"

"Mò ń gbà á lọ́wọ́ òjò ni."

"Baba, ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí."

"Ìrì ńkọ́? Ìrì kì í ṣe omi ni?"

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti yọ, òun ni aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí èbúté. Ó wo òkè, ó pàtẹ́wọ́. "Báàfù mi rèé o! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wá a. Mo ti fẹ̀sùn olè kan ará ilé kejì!"

Owú ló ń jẹ Baba, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Awọnlẹ̀ ni. Ìṣó idẹ kan wà tí wọ́n gbá mọ́ ògiri èbúté, orí rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, iṣẹ́ Baba sì ni láti mọ bí ìṣó náà ṣe ga sí láti ọdún dé ọdún. Á gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, ẹnì kan á mú ọ̀pá ìwọ̀n dúró lórí ìṣó, Baba á yọjú wò ó, á kọ nọ́ńbà. Wọ́n á wá máa gbé e ní ìpele-ìpele títí wọ́n á fi dé àpáta orí òkè, tí wọ́n ń fi gíga ìṣó wé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Àfi ìgbà tó di ọdún kẹtàlélógún tí ẹ̀rọ kan dé, tí kì í sùn, tí kì í jẹun, tó ń ṣe é ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú! Ó máa ń dúró sábẹ́ òrùlé, á nàka sí i, á ní, "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó."

Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tí ìṣó wà fún, ẹ ti ra ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó yọ fóòmù kúrò lórí àga, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Fóòmù yìí ni ilẹ̀ wa. Ọwọ́ mi ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ó ń wọ abẹ́ tiwa lọ, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń gùn. Ṣùgbọ́n ibi tí méjèèjì ti fara kanra kò yọ̀, ó há. Bó ṣe ń lọ, ó ń fa etí fóòmù wálẹ̀, ẹ̀yìn fóòmù á sì wú. Ẹ rí i? Orí ẹ̀yìn tó wú yẹn là ń gbé. Ilẹ̀ tó bá ń ga báyìí, inú ló ń bí i. Ọjọ́ tí ibi tó há bá já—"

Ó tú ọwọ́. Etí fóòmù ta sókè, ó gbá abọ́ ọṣẹ, ọṣẹ dà sójú oníbàárà.

"—omi òkun nìyẹn," ni Baba wí.

"Baba, ẹ dákun," ni onígbàjámọ̀ wí, "ẹ jẹ́ kí n parí irun yìí ná kí ayé tó parẹ́."

Kò wá fi ìṣó náà ṣeré. Apẹja kan fi so ọkọ̀ nígbà kan, Baba sì dúró tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán tó ń bi í pé, "Ṣé ọrùn ìyàwó rẹ lo máa ń so ọkọ̀ mọ́?" Ọ́fíìsì fún un ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta láti máa bá a mú ọ̀pá. Ó lé ọ̀kan torí pé ó sín. Ó lé èkejì torí pé ó súfèé. Ẹ̀kẹta, ó ní ojú tó fi ń wo ìṣó kò tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ọ̀pá ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin yẹn ni owú jẹ jù nínú gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ má pè mí ní ìyálé níbí. Ìṣó ti lo ọdún méjì nílé kí n tó dé. Ìyàwó ni mí. Ẹ ò rí i pé èmi ni mò ń gbọ́pá dúró tì í?" Bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o," á wá pòṣé. A máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó hun áńkáṣíìfù kan fún ọkọ rẹ̀ láti máa fi nu òógùn, ìṣó ló ń fi nù. Lọ́jọ́ ìwọ̀n, ariwo ni láti àárọ̀.

"Dúró ṣinṣin! Má mì! Má mí!"

"Kí n má mí kẹ̀? Ṣé kí n kú kí ìṣó yín lè ga ni?"

Ní ọdún kejìlélógún iṣẹ́ Baba, ibi tó há já. Ilẹ̀ mì títí a fi ka àádọ́rùn-ún. Baba ti kọ́ wa, ó ti kọ́ wa títí ó fi sú wa: bí ilẹ̀ bá mì tí ẹ ka ọgọ́ta tí kò tíì dúró, ẹ má dúró de fèrè ìkìlọ̀, ẹ gun òkè. Ẹ má padà lọ mú nǹkan kan. Ẹ má padà lọ wá ẹnikẹ́ni, torí ẹni tí ẹ ń wá ti wà lókè. A sá gun òkè. Láti orí òkè, a rí òkun tó fà sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Aránṣọ ń wá ọkọ rẹ̀ láàárín èrò, kò rí i. Omi àkọ́kọ́ wọ ìlú. Ìgbà yẹn ni Baba Ìṣó yọ sí wa, òun ló kẹ́yìn gbogbo ìlú, awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lé e léjìká, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Ó lọ dágbére fún ìyálé!" ni onígbàjámọ̀ kígbe. Gbogbo òkè bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ibẹ̀ lẹ wà lóòótọ́?"

Baba gbé awò rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí òkun. Omi ń fà sẹ́yìn nígbà yẹn, onígbàjámọ̀ sì fẹ́ sáré lọ mú irinṣẹ́ rẹ̀. Baba fi ẹsẹ̀ awò rẹ̀ dábùú ọ̀nà. "Àbúrò nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn." Ìgbì kẹta ló kó ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ, ó kó ti aránṣọ náà pẹ̀lú maṣíìnì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú nínú wa. Ìyẹn ló yẹ ká máa rántí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyálé la mú délé.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ Baba wọn ìṣó, ó ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sílẹ̀. Aránṣọ mú ọ̀pá fún un láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: Baba kò jiyàn rí, a sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a ti tún àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ́, ni ẹ̀rọ dé, aránṣọ sì rán ẹ̀wù fún Ẹnjinnía lọ́fẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ dùn pé ìyálé náà ti rí orogún.

Ojú oorun ni Baba kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ a bá kú là ń dère. Kò pé oṣù mélòó kan tí Ẹnjinnía wá, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ìwé Baba, torí ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé. Aránṣọ gbé àpótí jáde. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ náà ṣí wọn, ó nàka sí etí ìwé kan.

"Mà, kí ni wọ́n kọ sétí ìwé yìí? 'Ewé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀pá ń mì.' 'Dúdú. Ó ń bínú, ó sì rẹwà.' Ṣé ojú ọjọ́ ni?"

Aránṣọ gbà á. Ọdún méjì àkọ́kọ́, etí ìwé ṣófo. Láti ọdún kẹta, àwọ̀ aṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà gbogbo. Ó ṣí ti ọdún kejìlélógún.

"Funfun. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo sáré lọ, mi ò bá a níbẹ̀. Mo wá a títí omi fi dé. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀. Bí mo bá sọ fún wọn pé mo padà lọ wá èèyàn, àwọn náà á padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, omi á sì gbé wọn. Kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Aránṣọ sunkún lọ́jọ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹnjinnía fi bá a sunkún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé wa, owú yí padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin wa. Ìyàwó onígbàjámọ̀ bi ọkọ rẹ̀ pé irú aṣọ wo lòun wọ̀ lánàá. Ọjọ́ méjì ni ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì.

Lọ́dún yẹn, Ẹnjinnía gbé awò Baba kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Aránṣọ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọ̀pá. Ó kọ́kọ́ yọ áńkáṣíìfù, ó nu orí ìṣó. "Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́," ó wí, kò pòṣé. Ó dúró ṣinṣin.

"Mà!" ni Ẹnjinnía kígbe, "awò yìí ti gbó o. Ẹ dorí kodò nínú rẹ̀!"

"Mo mọ̀. Bó ṣe ń rí mi nìyẹn. Ṣé o ti rí nọ́ńbà?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Kọ ọ́ sétí ìwé pé pupa ni mo wọ̀."