Kọjúsílẹ̀kùn àti Ọmọ Rẹ̀

Nínú gbogbo télọ̀ àdúgbò náà, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ránṣọ nínú òjìji ara rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fèrèsé wà, ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ láti yí maṣíìnì rẹ̀ padà. Ilẹ̀kùn ló ń kọjú sí láti àárọ̀ dalẹ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Kọjúsílẹ̀kùn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ò lè gún! Ó rán ṣòkòtò kan fún tíṣà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbálẹ̀ ọ̀nà fún un.

“Kọjúsílẹ̀kùn, ṣé arọ lo wọ̀n fún ni?”

“Ẹ máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, sà. Kò ní hàn.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ iṣẹ́ tí ọkọ òun ṣe rí. Inú ẹgbẹ́ ajínigbé ló ti wà rí. Tirẹ̀ ni kó yọ́ dé ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n ń wá, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó lójú, kó ní, “Ta ni?” Àwọn tó ń kọjá á rò pé ọ̀rẹ́ méjì ló ń ṣeré. Ẹni náà gan-an á rẹ́rìn-ín, á máa dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn ó fi tì í sínú mọ́tò. Kọjúsílẹ̀kùn ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ àwọn orúkọ yẹn ò fi í sílẹ̀. Ó ń gbọ́ wọn nínú ariwo maṣíìnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti iléèwé dé. Ó gba ojú fèrèsé wọlé bí ológbò, ó fi ọwọ́ kékeré méjì bo bàbá rẹ̀ lójú.

“Ta ni?”

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, Kọjúsílẹ̀kùn ti gbá apá náà mú, ó ti yí i, ó sì ti gbé ọmọ náà lu ògiri. Egungun apá dún bí igi gbígbẹ.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún dókítà tó di apá náà pé ọmọ jábọ́ ni. Nígbà tí wọ́n délé, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Irọ́ tí mo pa lónìí, mi ò ní pa á mọ́. Bí ọmọ yìí bá ṣì ń sá fún ọ nígbà tí wọ́n bá tú apá rẹ̀, ilé ìyá mi là ń lọ.”

“Kí ni kí n sọ fún un?”

“Òótọ́. Ìwọ̀n tí ọmọdé lè gbé.”

Kọjúsílẹ̀kùn jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ọmọ sá sí.

“Ìyá mi, ẹ̀yìn mi ló ń bà mí lẹ́rù. Bí èèyàn bá gba ibẹ̀ yọ sí mi, mi ò ní mọ ẹni tó jẹ́.”

“Èmi náà?”

“Ìwọ náà.”

“Bàbá ojo!” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Nígbà tí wọ́n tú apá rẹ̀, kò sá mọ́. Ìyàwó kó aṣọ tó ti dì sílẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ayọ̀ kún inú Kọjúsílẹ̀kùn títí di ọjọ́ kejì tí iléèwé jáde, tó gbọ́ ohùn kan láti ìkángun àdúgbò.

“Bàbá, èmi ni o! Iwájú ni mo gbà o!”

Àwọn télọ̀ tó kù rẹ́rìn-ín. Òun náà gbórí sókè kó lè rẹ́rìn-ín, ó wá rí ọmọ náà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń dúró kí onílé ó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ṣé kí n wọlé?”

Kọjúsílẹ̀kùn ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

“Wọlé, ìyá mi.”