Oorun Tí Àbúrò Mi Kò Rí Sùn

Láyé ìjọba ológun tó ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, wọ́n pàṣẹ pé kí ilé-ìwé máa dáko, kó lè máa bọ́ ara rẹ̀. Àṣẹ náà dùn létí. Àwa ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọwọ́ wa bó. Bí a bá ti kúrò ní kíláàsì, oko òwú ilé-ìwé ló kàn, nínú oòrùn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jọ ń gbé yàrá kan nílùú. Oko ní Boni ni àwọn òbí wa wà. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń fi ojú rẹ̀ rí. Àárẹ̀ a mú un débi pé kò ní lè sùn. Orúnkún a máa ta á, òun a máa fi àdí ra á títí àkùkọ yóò fi kọ. Lówùúrọ̀, ní kíláàsì, orí rẹ̀ a tẹ̀ sórí kaye, ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí.

"Ìyá Oorun ti dé o! Ẹ bá a tẹ́ ẹní!" ni àwọn ọmọ kíláàsì a máa wí. Òun náà a rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò ló fẹ́ dà.

Dírẹ́kítọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ránṣẹ́ pe bàbá wa. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta.

"Kamaráàdì Bàbá, ọmọ yín ti sọ kíláàsì di ibùsùn," ni Dírẹ́kítọ̀ wí; "kamaráàdì" ni ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa.

Ojú ti bàbá mi. Àgbẹ̀ ni, ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní í sùn fọnfọn. "Ọ̀gá, iṣẹ́ tí ẹ ń fún un ni kò tó. Ẹ fi kún un. Bó bá rẹ̀ ẹ́ dáadáa, á sùn lálẹ́, ojú ẹ̀ á là lọ́sàn-án."

Dírẹ́kítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gidi!"

Àbúrò mi wò mí níbi tí àwa méjèèjì dúró sí níwájú wọn. Gbólóhùn kan ì bá tó: "Bàbá, iṣẹ́ náà ni kò jẹ́ kó sùn." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tako oko nígbà náà, ọ̀tá ìjọba ni wọ́n ń pè é, mo sì ní ìdánwò níwájú. Mo wolẹ̀.

Poro mẹ́ta tó ń ro di mẹ́fà. Mo ń bi àwọn tó ṣòfin yẹn léèrè lónìí: ta ni nínú yín tó bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè bó ṣe sùn?

Lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò, ó ṣe ìbéèrè kìíní tán. Orí èkejì ni oorun ti gbé e lọ, títí wọ́n fi gba ìwé lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà lé e kúrò nílé-ìwé.

Bàbá kò mọ̀wé, èmi ló ní kí n ka lẹ́tà náà. Mo ka "ọ̀lẹ" bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò na àbúrò mi. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Àbúrò mi kó àwọn kaye rẹ̀ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ojú ewé ṣì pọ̀ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò." Ó tẹ̀lé bàbá lọ sí Boni.

Mo lo àwọn kaye náà, mo yege, mo di olùkọ́. Dírẹ́kítọ̀ ti kú, bàbá wa ti kú, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi. Èmi náà kò tíì tọrọ rẹ̀.