Ènì Orí Ilé Ògúnlẹ́yẹ

Láti Èrúwà títí dé Ayétẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló bá kánsù jà rí pé owó-ilé tí wọ́n bù fún òun kéré jù. Ògúnlẹ́yẹ ni, bàbá Wúràọlá, ará Ìgbó-Ọrà. Ọdún 1966 ni. Ẹni tó bá ní ọdún mìíràn ni, kò sí níbẹ̀.

Ayọ̀délé, akọ̀wé kánsù, ni wọ́n rán láti Èrúwà pé kó wá díye lé ilé kọ̀ọ̀kan. Ó wọ ṣòkòtò kaki péńpé, ó mú téèpù lọ́wọ́. Ó wọn ilé Àkíbù, bàbá Yẹ̀kínì, tó kọjú sí ti Ògúnlẹ́yẹ, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó kọjá sí ti Ògúnlẹ́yẹ, ó ka yàrá, ó ka fèrèsé, ó gbójú sókè wo páànù.

“Bàbá, ogójì pọ́n-ùn.”

“Yàrá kan nìyẹn, àbí odindi ilé?”

“Odindi ilé ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó yé yín. Kánsù kò fẹ́ rà á o. Bí ẹ bá fi ilé yìí háyà, iye tó lè mú wọlé lọ́dún ni mo fojú bù. Lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó san ṣílè kan. Ogójì pọ́n-ùn, ogójì ṣílè. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára fún yín tó.”

“Ó yé mi. Èló ni ti Àkíbù?”

“Márùndínláàádọ́ta.”

Ògúnlẹ́yẹ fa àpótí, ó jókòó. “Akọ̀wé, tún un wọ̀n.”

Ògúnlẹ́yẹ kì í gba iye tí èèyàn bá kọ́kọ́ pè. Ó ná ewúrẹ́ kan lọ́jà Ìgàngàn títí ewúrẹ́ náà fi bímọ lórí ìdúró. Ó ní ọmọ wà nínú owó tí àwọn ti ń ná bọ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ewúrẹ́ léèrè.

“Àádọ́ta,” ni Ògúnlẹ́yẹ wí.

“Bàbá, mo ṣàánú yín ni mo fi kọ ogójì.”

“Ta ló ní kóo ṣàánú mi? O ò ka ilé ewúrẹ́.”

“A kì í ka ilé ewúrẹ́.”

“Ó ní fèrèsé.”

Ayọ̀délé lọ wò ó. Lóòótọ́, ó ní fèrèsé. Ó sún un sí méjìlélógójì.

Àṣàbí, ìyàwó ilé, sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gẹ́ tó ń bó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá Wúràọlá! Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù, ẹ̀yin ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi kún un!”

“Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mò ń ná an ni.”

Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, gbogbo àdúgbò ti pé. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbè sẹ́yìn kánsù, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ebi ti ń pa Ayọ̀délé. Ó kọ márùndínláàádọ́ta, kó bá ti Àkíbù dọ́gba, ó ká téèpù rẹ̀, ó sì kọrí sí ọ̀nà.

“Akọ̀wé! Ènì ńkọ́?”

“Ènì kẹ̀, Bàbá?”

“Ta ló ń nájà tán tí kì í gba ènì?”

Báyìí ni kánsù ṣe fi pọ́n-ùn kan ṣe ènì fún Ògúnlẹ́yẹ.

Nírọ̀lẹ́, ó mú ìwé náà lọ bá Àkíbù níwájú ilé. “Bá mi kà á, ojú ń dùn mí.”

“Mẹ́rìndínláàádọ́ta.”

“Kà á sókè. Etí náà ń dùn mí.”

Ní 1973, náírà dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ìwé ọdún náà gbé náírà méjìléláàádọ́rùn-ún fún ilé Ògúnlẹ́yẹ. Ó bọ́ síta. “Ẹ wá wò ó! Ìgbó-Ọrà la wà lóòótọ́, ilé mi ti bí ìbejì!” Ó ní kí Àṣàbí se ẹ̀wà fún gbogbo ọmọ àdúgbò.

“Tèmi náà bí ìbejì,” ni Àkíbù wí. Àádọ́rùn-ún náírà wà nínú ìwé tirẹ̀.

“Tìrẹ kì í ṣe ìbejì. Àfarawé ni.”

Àkíbù jẹ ẹ̀wà náà, àwo mẹ́ta.

Àwọn èèyàn máa ń bi í pé kí ló dé tí kì í bínú. Á ní kí wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá òun. Ibẹ̀ ni Ògúnlẹ́yẹ àti ìyá rẹ̀ sùn fún ọdún mọ́kànlá, orí ẹní kan ṣoṣo, nígbà tí wọn kò ní ilé. “Ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mú téèpù wá wọn ibi tí wọ́n ń sùn,” ni yóò wí. Kò jẹ́ sọ ọ́ lójú Ògúnlẹ́yẹ láéláé.

Ògúnlẹ́yẹ kú ní 1977, lẹ́yìn ìkórè iṣu. Wọ́n bá àwọn ìwé kánsù lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tọdún-tọdún, pẹ̀lú rìsíìtì wọn. Ẹni tó ná ewúrẹ́ títí ó fi bímọ kò jẹ kánsù ní kọ́bọ̀ rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé tuntun kan wá. Ó rí i pé páànù ti dípẹtà, pé yàrá kan lẹ́yìn ti wó. Ó kọ àádọ́rin náírà. Àṣàbí dúpẹ́. Àkíbù kò dúpẹ́ ní tirẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ sí Èrúwà lọ́jọ́ kejì, òun tí eékún kì í jẹ́ kó rìn dé mọ́sáláṣí.

Ayọ̀délé ti di ọ̀gá ní kánsù, orí rẹ̀ ti ń funfun.

“Bàbá Yẹ̀kínì, ẹ káàbọ̀. Kí ló ṣe ilé yín?”

“Tèmi kọ́. Ti ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ ti jẹ́ kó rẹlẹ̀ sí tèmi.”

“Bàbá, àǹfààní Ìyá Wúràọlá ni. Owó tí wọ́n máa san ló dín kù yẹn.”

“Mo mọ̀. Èmi ni n ó máa san èyí tó bá lé. Ẹ gbé e sókè.”

Ayọ̀délé ṣí ìwé ńlá, ó fa igi lórí àádọ́rin, ó kọ àádọ́rùn-ún. “Ó ti bá tiyín dọ́gba, Bàbá.”

Àkíbù dúpẹ́. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò wẹ̀yìn.

“Ènì ńkọ́?”

Ayọ̀délé kò tíì gbé bíìrò rẹ̀ sílẹ̀.