Ogójì Ọ̀pẹ Tí Fádèyí Fi Dógò

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó fráǹkì ni Fádèyí ará Igana jẹ Àlájì Djamiou, oníṣòwò epo ní Sakété. Ogójì ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fi dógò. Ọ̀rọ̀ ìdógò kò ṣòro: ẹni tó yáni lówó ni yóò máa kọ ẹyìn orí ọ̀pẹ, ẹyìn tó bá sì kọ kò dín gbèsè kù. Bó kọ ọ́ fún ogún ọdún, irinwó ẹgbẹ̀rún ṣì wà níbẹ̀ digbí. A kì í sì san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá pé ni ọ̀pẹ ń padà.

Kí ló fi owó náà ṣe? Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló fi sin. Martial, tó fẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, ti fọ́nnu pé màlúù lòun máa fà wá. Berthe, ìyàwó Fádèyí, ní, "Bàbá Océane, ẹ mú ewúrẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó máa fi igi lé yín jáde." Fádèyí ò gbọ́. Òun náà ra màlúù, ó gba àgọ́, ó háyà àwọn afọnfèrè, ó to bíà jọ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin ó jí, kò lọ́pẹ mọ́.

Epo ni Berthe ń ṣe. Ẹyìn tó ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti oko ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ àwọn akọ̀pẹ Djamiou ló ti wá ń rà á. Ó ń fowó ra ẹyìn orí ọ̀pẹ ilé ara rẹ̀, ó ń sè é, ó ń gún un, ó ń fún un. Nínú èrè bíńtín tó kù, ó ń fún alájọ tó ń gun alùpùpù gba abúlé kọjá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì lójúmọ́. Fádèyí náà jáwọ́ nínú ọtí, ó ń bá olóko ro àgbàdo, ó sì ń gbin díẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì ó lé díẹ̀, owó wọn pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Ó ku àádọ́rùn-ún.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá Berthe kú ní Takon.

Pacôme, ẹ̀gbọ́n Berthe ọkùnrin, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Àna mi, òkú wà nílé ìtọ́jú òkú, ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. A ti pín owó fún àwọn àna. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ni tìẹ. Martial ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí n tó sọ̀rọ̀ tán."

Ara Fádèyí bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ là. Berthe, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ló ṣáájú rẹ̀ dáhùn. Fòfó, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ló máa ń pe Pacôme.

"Fòfó, ewúrẹ́ kan àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá la ní."

Pacôme rẹ́rìn-ín. "Ìyá tó bí ọ, àbí ìyá ẹlòmíràn ló kú? Mo gbọ́ pé kò sọ́jọ́ tí alájọ kì í yà nílé yín. Owó yẹn, ẹ̀ ń fún un lọ́mú ni?"

"Ti ọ̀pẹ ni."

"Ọ̀pẹ kì í sin ìyá ẹni."

"Òkú bàbá wa ló gbé e lọ, Fòfó. Bí òkú ìyá wa bá gbé owó yìí, kí ni òkú tèmi máa rí gbé?"

Pacôme tutọ́ sílẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

"Wọ́n máa bú wa o, Ìyá Océane," ni Fádèyí wí.

"Èmi ni wọ́n máa bú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi. Owó tó bá wà lọ́wọ́ wa dọjọ́ ìsìnkú, ìsìnkú ló máa jẹ ẹ́. Ká tètè gbé e jáde."

Ó ta àgbá irin méjì àti ìkòkò ńlá tó fi ń se ẹyìn: ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. Ó ta aṣọ mẹ́fà tí kò tíì rán: ọgbọ̀n. Fádèyí ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti àgbàdo tí kò tíì gbó lóko: márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n gba èyí tó wà lọ́wọ́ alájọ kún un, owó pé.

Wọ́n kó àwọn àgbà méjì tó ṣẹlẹ́rìí lọ́jọ́ ìdógò dání, wọ́n forí lé Sakété. Djamiou ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Fádèyí, mi ò rò pé o máa padà wá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà." Ó wo Berthe. "Wọ́n ní ọ̀túnla lẹ máa sin ìyá. Ẹ̀ ń san gbèsè kẹ́ ẹ tó sin òkú?"

"Àlájì, bá a bá sin òkú tán, a ò ní rí i san."

Djamiou nawọ́ sí àwo obì. Ó fún àwọn ẹlẹ́rìí lóbì, ó sì sọ lójú wọn pé òun ti mọ́wọ́ kúrò lára ọ̀pẹ.

Ní Takon, inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ti ń ka ohun tí àwọn àna mú wá. "Fádèyí, Igana: ewúrẹ́ kan! Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!"

"Ẹ rọra o," ẹnì kan kígbe lẹ́yìn, "ẹ má tẹ ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, mo rò pé ológbò ni!" Àgọ́ hó fún ẹ̀rín. Fádèyí ń wo bàtà rẹ̀.

Létí ibojì, Pacôme ń pe àwọn ọmọ olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá da erùpẹ̀ sílẹ̀. Ó pe gbogbo wọn. Ó pe Martial pàápàá, tó jẹ́ àna lásán. Kò pe Berthe. Berthe dúró láàárín àwọn aládùúgbò, ó di erùpẹ̀ mọ́wọ́, títí àwọn agbẹ́lẹ̀ fi bo ibojì tán.

Lọ́jọ́ kejì Fádèyí gbé igbà àti àdá lọ sóko. Àwọn akọ̀pẹ ti gé imọ̀ orí ọ̀pẹ kọjá ààlà. Méjì ti ń kú lọ. Nínú ogójì, odi ẹyìn mẹ́sàn-án péré ló rí kọ. Ó rù wọ́n délé, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níwájú Berthe, tí kò ní ìkòkò tó lè sè wọ́n.

"A máa tà á ní tútù," ni Berthe wí. "Iye tí wọ́n bá rà á náà ni."

"A ò sáà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́."

"Mo mọ̀."

Ó mú fóònù, ó pe Pacôme lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dún, ó dún, wọ́n pa á.